Níbo Ni Ojú Ìwọ̀ Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kò sí ilé kan láàárín wa tí ẹja kì í wọ ìkòkò rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ tútù, yóò jẹ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé báwo ni wọ́n ti pa ẹja tí a jẹ lánàá, ohun tí a ó sọ ni pé, "Ọjà ni mo ti rà á." Ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò bi ẹni tí ó sè é, ẹni tí ó sè é kò bi ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó tà á kò sì bi ẹni tí ó gbé e wá láti etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀fun, tí a kò sì mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́ ní èbúté kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ra ẹja mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibẹ̀ hàn yín. Ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Oǹdó níhà gúúsù ni Ìlàjẹ wà, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun Atlántíìkì gbé bẹ̀rẹ̀. Igbókọ̀dá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gba Òkìtìpupa wọlé, Igbókọ̀dá ni yóò ti rí ọjà ẹja ńlá, tí àwọn ọkọ̀ omi tò sí etí rẹ̀ bí mọ́tò ti ń tò ní gáréèjì. Láti ibẹ̀ lọ, omi ni ọ̀nà, omi ni ẹ̀yìnkùlé, orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé sì dúró lé. Níbi tí omi òkun ń dé, igi ẹ̀gbà ni ó ta gbòǹgbò rẹ̀ sókè bí ẹsẹ̀ alákàn. Níbi tí omi dídùn wà, igi ògùrọ̀ ni ó ṣíji bo odò, omi abẹ́ rẹ̀ a sì dúdú bí aró. Nígbà òjò, omi odò a ti omi iyọ̀ padà sí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a tún gòkè wá.

Ojú àwọn ará ibẹ̀ ti rí nǹkan. Aiyétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wọn, òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé àti òpópónà rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1984 ni ewéko orí omi tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá wọ Nàìjíríà gba ọ̀nà Bàdágírì, ó sì bo ojú odò lọ dé Ìlàjẹ. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní gbéborùn, nítorí ibi tí a kò pè é sí náà ni ó ń dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, iná sọ ní kànga epo Ororo-1 nínú òkun lọ́wọ́ Awoyè. Gbogbo èyí ni àwọn ìwé ìròyìn ti kọ nípa rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kéré jù wọ́n lọ lójú. Inú ìgò ni ó wà, kò sì ga ju gígùn ọwọ́ lọ.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè omi náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 12, tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò. Kí n tó gbé ẹfun kúrò lójú pátákó ni òun ti ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà a máa pa ọjọ́ jẹ. Mo ṣí ìwé ìpe-orúkọ láti wo bí ó ti ń ṣe é, mo sì rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé nìkan, kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn ni kò ní wá. Lẹ́yìn náà yóò wá déédéé fún nǹkan bí ọjọ́ 10, yóò sì tún pòórá. Mo mú kàlẹ́ńdà, mo fi wé e. Ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti ìgbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ni ọmọ yìí kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Oníwọ̀ ni bàbá náà, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 50, tí ọ̀pá àti ìwọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Kò bínú, kò sì jiyàn. Ní èdè Ìlàjẹ ni ó fi dá mi lóhùn, mo sì ń yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́:

"Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ọmọ náà tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n omi ni yóò ro ẹjọ́ yìí fún yín, kì í ṣe ẹnu mi. Ọ̀la ni Sátidé, òṣùpá sì ti kún. Bí ẹ bá lè jí kí àkùkọ tó kọ, ẹ bá wa lọ."

Mo ní n ó bá wọn lọ.

Òkùnkùn ṣì wà nígbà tí a wọ ọkọ̀. Ọmọ náà jókòó níwájú pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, èmi sì wà láàárín bí ẹrù. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ọkọ̀, ti ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, apẹ̀rẹ̀ kan, igbá tí a fi ń gbọ́n omi, agolo ekòló tí wọ́n fi ẹrẹ̀ tútù bò, edé díẹ̀ nínú ewé, àti púpùrù tí ìyá ọmọ náà dì fún wa pẹ̀lú ọbẹ̀.

A kò tíì tukọ̀ jìnnà tí a fi kọjá ẹnu ọ̀gbàrá kékeré kan lẹ́yìn abúlé. Bàbá dá àjẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Ibí yìí ni mo ti ń pẹja láti ìgbà èwe mi. Èmi nìkan ni mo ń lọ, n ó sì ti padà kí oòrùn tó mú. Nígbà náà, ọmọ yìí kì í pa ọjọ́ kan jẹ."

Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i.

"Wọ́n da oògùn sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lóko kòkó mọ oògùn tí ó ń wí. Gammalin 20 ni orúkọ rẹ̀ láyé àtijọ́, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí igi kòkó láti pa kòkòrò tí ń mu omi ara èso àti ẹ̀ka rẹ̀. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń pè ní lindane. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé ohun tí ń pa kòkòrò ń pa ẹja pẹ̀lú. Wọn a da á sínú odò kékeré, wọn a dúró nísàlẹ̀, ẹja a sì máa léfòó bọ̀ wá bá wọn, ńlá àti kékeré, tòun ti ẹyin. Iṣẹ́ òṣù kan ni wọ́n fi wákàtí kan ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀ náà ni wọ́n ti jẹ tán. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi lindane sínú àwọn májèlé tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Stockholm pé kí a mú kúrò láyé. Ní 2015 sì ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ sọ pé ó lè fa àrùn náà sí ènìyàn lára. Ohun yòówù tí ó lè wà nínú ìgò lónìí, orúkọ àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè é, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Nítorí náà ni bàbá yìí fi ń lọ sí ọ̀gbàrá mìíràn tí ó jìnnà. Ẹrẹ̀ ti dí ẹnu ọ̀gbàrá ọ̀hún, ọkọ̀ kò sì lè wọ̀ ọ́ àfi nígbà tí omi bá kún gidigidi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ: òṣùpá àti oòrùn ni ó ń fa omi òkun. Ní etíkun wa, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín ọjọ́ kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tí òṣùpá bá kún, àwọn méjèèjì a pa agbára pọ̀, omi a sì kún ju ti ìgbà gbogbo lọ. Ìgbà náà nìkan ni ọ̀gbàrá jíjìnnà yìí ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ yóò wọlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí omi bá fà, ilẹ̀kùn ti tì, ẹni tí ó wọlé kò sì lè jáde títí omi yóò fi tún kún ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà náà jìn, ìṣàn rẹ̀ sì le, ẹnìkan kò lè dá a tù. Ẹ̀yin ònkàwé, bí wọ́n ti kọ ìyà ọmọ yìí sínú ìwé ìpe-orúkọ mi nìyẹn. Ẹni tí ó da ìgò sínú odò kò mọ̀ pé òun ń pa orúkọ ọmọ rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́.

A wọ ọ̀gbàrá náà bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Omi kún dé abẹ́ ewé. Bàbá so ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣe é, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Inú ọ̀pá ìmọ̀ ògùrọ̀ fúyẹ́ bí òwú. Ó gé e ní ìwọ̀n ìka kan, ó so ó mọ́ okùn ọ̀rá, kí ó lè máa léfòó lójú omi. N ó máa pè é ní aléfòó. Nísàlẹ̀ okùn ni òjé kékeré wà, lẹ́yìn náà ìwọ̀, lẹ́yìn náà ìdẹ. Kí ó tó fi ìdẹ sí i, ó kọ́kọ́ fi òjé tí ó tóbi díẹ̀ wọn bí omi ti jìn tó. Bí aléfòó bá rì, omi jìn ju okùn lọ. Bí ó bá dùbúlẹ̀, òjé ti kan ilẹ̀, okùn sì gùn jù. Ó ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí aléfòó fi dúró ṣánṣán. Nígbà náà ni ó wá dín in kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ìdẹ lè máa rìn lókè ẹrẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Obokún ń jẹun nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ẹnu òun kún fún ẹrẹ̀. Epìyà ń jẹun lókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí àlejò ń jókòó, níbo ni yóò gbé oúnjẹ sí?"

Ó tún kọ́ mi pé kí n má ṣe di okùn mú le, kí ìdẹ lè máa bá omi lọ bí ó ti ń lọ. Ẹja mọ bí omi ti ń rìn. Ohun tí ó bá ń sáré ju omi lọ, tàbí tí ó ń lọ́ra ju omi lọ, ó ń fura sí i. Bákan náà ni mímọ ìròyìn tí aléfòó ń mú wá. Bí ó bá ń gbọ̀n wẹ́wẹ́, epìyà ni ó ń tọ́ ìdẹ wò. Ẹ má fà á. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ tí ó sì ń lọ, obokún ti gbé e; ẹ gbé ọ̀pá sókè. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lójijì, ẹja ti gbé ìdẹ wá sókè, ẹ yára. Bí ó bá rì jẹ́ẹ́ tí kò sì mira, alákàn tàbí gbòǹgbò ni.

Mo sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú àwọn odò tí ń ṣàn sí òkun Pàsífíìkì ní Oregon àti Washington, àwọn ènìyàn ń fi aléfòó dẹ ẹja kan tí wọ́n ń pè ní steelhead lọ́nà kan náà. Inú odò ni wọ́n ti ń pa ẹja náà, òkun ni ó ti ń dàgbà, yóò sì tún padà sí odò láti yé ẹyin. Dípò ekòló, ìwọ̀ olórí òjé kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́ tàbí irun wé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń so sábẹ́ aléfòó. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹ́ adìyẹ? Ẹja wọn ń jẹ adìyẹ?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé ní ọ̀pọ̀ odò wọn, ẹja tí a sìn ní ilé-ìsìn ẹja nìkan ni òfin jẹ́ kí apẹja gbé lọ sílé, pé wọ́n ti gé lẹbẹ kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ìrù láti fi í ṣe àmì, àti pé ẹja odò tí kò ní àmì ni wọ́n ń dá padà sínú omi láàyè, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, wọ́n ń wo ara ẹja kí wọ́n tó gbé e."

Obokún àkọ́kọ́ jẹ́ ti bàbá. Ẹ̀gún rẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn àti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ó nà bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Ó fi hàn mí bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú láti ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gún náà kí ó má baà gún ni. Kò pa á. Inú apẹ̀rẹ̀ tí ó rì sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni ó fi í sí, nítorí ààyè ẹja ni ó ń pa owó gidi ní èbúté.

Aléfòó tèmi náà rì. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kò jà, ó kàn wúwo bí àpò ni. Bí mo ti ń fa á bọ̀ tí mo sì na ọwọ́, ọmọ náà kígbe, "Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kàn án! Òjìjí ni!" Bàbá yára fi ọ̀bẹ gé okùn, ẹja náà sì bọ́ padà. Ẹ̀yin tí òjìjí ti gbọ̀n rí kò nílò àlàyé. Bàbá ní àwọn kan ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí omi wà nílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ga, omi ti fà, ẹnu ọ̀gbàrá ti di ẹrẹ̀ lásán. A jẹ púpùrù wa lábẹ́ òjìji. Mo fi àwọn ẹja inú apẹ̀rẹ̀ kọ́ ọmọ náà ní ìdá, ó sì dá mi lóhùn tán. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ wí pé, "Tíṣà, omi kún pátápátá ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Yóò tún kún ní nǹkan bí aago méje kù díẹ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ lè rékọjá kí ó tó kún tán. Bí aago mẹ́fà bá ti lù, kí a ti tú okùn." Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìyẹn nínú kíláàsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà ni bàbá sọ ohun tí mo ka sí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ lọ́jọ́ náà. Irú epìyà kan wà ní omi wa tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu pa ẹyin. Bí abo bá yé ẹyin tán, akọ yóò gbá wọn sẹ́nu, yóò máa gbé wọn káàkiri títí wọn yóò fi di ọmọ ẹja. Ní gbogbo ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ kò ráyè oúnjẹ. "Nítorí náà, Tíṣà, ìwọ̀ mi kì í sábà mú un. Ẹja tí ebi ń pa ni ìwọ̀ ń pè. Ẹni tí ó gbé ọmọ sẹ́nu, kò ní dá ìwọ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n oògùn kì í pe ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wọlé ni."

Bí ọmọ náà ti wí ni omi ṣe. Nígbà tí a jáde, epìyà 9, obokún 5 àti àrọ̀ 1 ni ó wà nínú apẹ̀rẹ̀; méjì nínú àwọn epìyà náà jẹ́ tèmi. Bàbá ti dá àwọn kéékèèké padà. Ilẹ̀ ti ṣú, òṣùpá sì ti yọ, kí a tó dé èbúté. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìtílà wọn.

Ọkọ̀ mìíràn gúnlẹ̀ nítòsí wa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, agbọ̀n mẹ́ta ni wọ́n sì gbé bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ kún fún ẹja. Ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, àwọn kan kò ju ìka ọwọ́ lọ, gbogbo wọn ti kú. Iye tí wọ́n dá lé e kò tó ìdajì iye ọjà. Obìnrin oníṣòwò kan tí ó ti òkè wá fẹ́ sanwó. Ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ja èbúté náà bá dìde, ó gbé fìtílà rẹ̀, ó mú epìyà kan nínú agbọ̀n, ó la ẹnu rẹ̀, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó sì yí i padà. Kò pariwo. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pé:

"Níbo ni ojú ìwọ̀ rẹ̀ wà?"

Wọn kò dáhùn. Ó ní, "Ó dára. Bí kò bá ní ojú ìwọ̀, ẹ fi àpá àwọ̀n hàn mí." Wọn kò dáhùn. Ó ní, "Bí ìgèrè ni ẹ fi mú un, ẹ fi ọ̀kan tí ó ṣì ń mí hàn mí." Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ìyá náà dá epìyà padà sínú agbọ̀n, ó fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó. Àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ra ẹyọ kan.

N kò ní parọ́ fún yín kí ìtàn lè dùn. Oníṣòwò tí ó ti òkè wá ra agbọ̀n kan. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ọjà ti wọ́n, òun kò sì wá láti wá ṣe ọlọ́pàá. Ìyá àgbà sọ fún un pé, "Ọmọ mi, àwọn tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ náà ní ọmọ." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ. Agbọ̀n méjì ni ó ṣẹ́kù fún àwọn ọ̀dọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn dá sí i. Bàbá dá wọn mọ̀, ìyá àgbà sì dá wọn mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá baálẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn òbí wọn. Èyí tí wọ́n sọ níbẹ̀ wà láàárín àwọn àgbà abúlé. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ènìyàn ṣọ́ ọ̀gbàrá ẹ̀yìn abúlé ní alẹ́.

Ní ti ọmọ náà, èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe àdéhùn. Níwọ̀n ìgbà tí a ti mọ ọjọ́ tí omi yóò kún, a mọ ọjọ́ tí ogun yóò jà á. Bàbá gbà láti máa mú ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti parí ìwé lọ ní ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹja ni yóò máa fún un. Ọmọ yóò máa lọ ní Sátidé nìkan. Bí ó bá di dandan kí ó lọ ní ọjọ́ mìíràn, n ó ti fún un ní iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe fojú kéré ìdá kan nínú mẹ́ta. Inú apò apẹja ni ó ti ń jáde ní gbogbo ìgbà tí òṣùpá bá kún, nítorí ìgò tí kì í ṣe òun ni ó dà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi tì sí lọ́dọ̀. Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìpẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fi májèlé tàbí ohun abúgbàmù pa ẹja. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró ní ẹnu gbogbo ọ̀gbàrá. Ẹni tí ó lè dúró níbẹ̀ ni ẹni tí ń sanwó. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ẹja tútù ní etí omi, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Ẹja oníwọ̀ ní ojú ìwọ̀ lẹ́nu, ẹja àwọ̀n ní àpá okùn lára tàbí lọ́rùn, ẹja ìgèrè a sì máa wà láàyè títí dé èbúté. Bí ẹ bá rí agbọ̀n tí ńlá àti wẹ́wẹ́ kú pọ̀ sí ojú kan láìsí àpá kankan, tí iye rẹ̀ sì rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ fura. Ẹ má sì ṣe sọ pé iná àárò yóò fọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èéfín a máa gbẹ omi ara ẹja. Májèlé kì í ṣe omi. Bí ẹja bá sì ti gbẹ, àpá rẹ̀ ti sọnù, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Nítorí náà, etí omi ni ìbéèrè náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gbígbẹ ní Igbókọ̀dá, ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, tí òun náà mọ ẹni tí ó ti rà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ń pa ọjọ́ jẹ, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ ka ìwé ìpe-orúkọ bí ìgbà tí ẹ ń ka lẹ́tà. Ọjọ́ tí ọmọ kò wá náà ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òṣùpá ni ó ń sọ. Ní ọ̀dọ̀ tiyín, ó lè jẹ́ ọjọ́ ọjà, ó lè jẹ́ ìgbà ìkórè, ó lè jẹ́ àìsàn ìyá.

Bàbá oníwọ̀ ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí pé òun ti tún rí epìyà wẹ́wẹ́ ní ọ̀gbàrá ẹ̀yìn abúlé. Wọn kò tíì tó mú. Ó ní òun kò ní ju ìwọ̀ síbẹ̀ títí wọn yóò fi dàgbà, òun sì ti sọ fún gbogbo ẹni tí ó ní ọ̀pá ní abúlé náà. Ẹ bá wa fi àdúrà ṣọ́ ọ, kí ẹ sì fi owó yín ṣọ́ ọ pẹ̀lú.